Bébà Tí Ọ̀gá Mi Lẹ̀ Mọ́ Kọ̀ǹpútà Mi

Tí ènìyàn bá ní kí n bá òun yan kọ̀ǹpútà olówó pọ́ọ́kú, mi kì í kọ́kọ́ béèrè iye tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí mo máa ń bi í ni pé, "Ta ni yóò máa bá ẹ tú u?" Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Wọ́n á ní àwọn ò tíì rà á tán tí mo ti ń sọ̀rọ̀ títú. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín nígbà kan.

Ìlú Oǹdó ni mo ti ń ṣiṣẹ́ títẹ̀wé. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tí mo ti ń ṣe ìwé ètò ìsìnkú, káàdì ìgbéyàwó, àti ìbéèrè ìdánwò fún àwọn olùkọ́. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, níbi tó ti ń tẹ̀wé tó sì ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, kò sì ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ sí tèmi. Ọdún tí mo jáde ilé-ẹ̀kọ́ girama ni bàbá mi kú. Ọ̀gá ló gbà mí. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ìyá mi, ọdún méjì gbáko ni mo sì fi kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo gba fíríídọ̀mù, mo kúnlẹ̀ níwájú àwọn ará ìjọ wa, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé mi lórí, ó gbàdúrà títí omi fi bọ́ lójú ìyá mi. "Ọmọ mi ni," ó sọ fún wọn, "ẹ má pè é lọ́mọṣẹ́ mọ́." Láti ọjọ́ náà, mi ò mọ bàbá mìíràn láyé yìí.

Nídìí iṣẹ́ wa, òfin kan wà tí ẹnikẹ́ni ò kọ sílẹ̀. Ẹni tó gba fíríídọ̀mù kì í gbé ẹ̀rọ rẹ̀ fún ẹlòmíràn tún ṣe níwọ̀n ìgbà tí ọ̀gá rẹ̀ bá ṣì wà nílùú. Bẹ́ẹ̀ ni kì í dúró ti ọ̀gá lórí nígbà tó bá ń tú u. Wàá gbé e kalẹ̀, wàá kí i, wàá máa lọ. Èyí tó tún wá jẹ́ ti ọ̀gá tèmi gan-an ni ti bébà. Tó bá ti tún kọ̀ǹpútà ṣe tán, yóò gé bébà funfun tẹ́ẹ́rẹ́, yóò fọwọ́ sí i, yóò fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tí ìdérí ti pàdé ara kọ̀ǹpútà. Bí bébà yẹn bá já, a jẹ́ pé ẹlòmíràn ti tú u nìyẹn. "Ẹni tó bá já bébà mi, kó má padà wá bá mi." Ojú mi ló ṣe tó fi lé àgbàlagbà ọkùnrin kan jáde nítorí bébà, tòun ti kọ̀ǹpútà lórí. A máa ń bẹ̀rù bébà yẹn ju ọ̀gá fúnra rẹ̀ lọ.

Ìjọ wa wá fẹ́ pé ọgọ́rùn-ún ọdún. Wọ́n fẹ́ ṣe ìwé ìrántí aláwòrán tó nípọn, fọ́tò ayé àtijọ́ àti ti ìsinsìnyí. Alága ìgbìmọ̀ náà, màmá kan tó ti jẹ ọ̀gá àgbà ilé-ẹ̀kọ́ kó tó fẹ̀yìn tì, pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lẹ́yìn ìsìn. Ó ní àwọn kan ti ń sọ pé Àkúrẹ́ ni kí wọ́n gbé iṣẹ́ náà lọ.

"Èmi ni mo ní kí wọ́n fún ọmọ wa," ó ní. "Má dójú tì mí o. Mú ogún ojú ewé àkọ́kọ́ wá kí Àjíǹde tó dé, iṣẹ́ á di tìrẹ. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, mi ò ní lẹ́nu ọ̀rọ̀ mọ́."

Kọ̀ǹpútà tí mo ń lò nígbà náà, tí mo bá ṣí fọ́tò mẹ́ta pọ̀, á dákú. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ yìí lè sọ mí dèèyàn láàárín ìlú. Mo sì mọ̀ pé kọ̀ǹpútà yẹn ò lè gbé e láéláé.

Mo sọ fún ọ̀gá. Kò tilẹ̀ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán. Lọ́jọ́ Sátidé, a jọ wọ mọ́tò lọ sí Àkúrẹ́, a rin òpópónà Arakale, níbi tí wọ́n ti ń ta kọ̀ǹpútà, já láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹ ò rí bí inú mi ṣe dùn tó! Ojú mi kọ́kọ́ lọ sára kọ̀ǹpútà kan tí iná aláràbarà ń tàn nínú kéèsì rẹ̀. Ọ̀gá fà mí lápá. "Ṣé iná yẹn ni yóò bá ẹ tẹ̀wé?" Ó ní tí owó ò bá pọ̀, èèyàn kì í ra ẹwà. Ó ní tòkunbọ̀ tí wọ́n lò ní ọ́fíìsì lókè òkun ló dáa, ìta rẹ̀ á burẹ́wà ṣùgbọ́n inú rẹ̀ á le. Ó ní kí n má ra mọ́nítọ̀ tuntun, kí n máa lo ti tẹ́lẹ̀. Ó sún imú mọ́ ẹ̀yìn kéèsì níbi tí iná ń gbà wọlé, ó gbóòórùn rẹ̀ bóyá ó ti jóná rí, ó ní kí èmi náà gbóòórùn rẹ̀. Mẹ́rin la gbóòórùn kó tó ní èyí dáa.

Ó ní ibi méjì péré ló yẹ kí owó mi lọ: háàdì tuntun, níbi tí gbogbo iṣẹ́ ń gbé, àti ráàmù. Ráàmù ni pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan, kò ju ìka ọwọ́ méjì lọ ní fífẹ̀, tí kọ̀ǹpútà fi ń di ohun tó ń ṣe lọ́wọ́ mú. Bó bá ṣe pọ̀ tó ni fọ́tò tó lè gbé lẹ́ẹ̀kan náà ṣe máa pọ̀ tó. "Méjì ni kó o rà," ọ̀gá wí. "Ọ̀kan ò lè gbé ìwé ọgọ́rùn-ún ọdún." Mo ra méjì. Gbogbo owó èésú mi tán síbẹ̀, mi ò sì kábàámọ̀.

Ọjọ́ Ajé ló fẹ́ tò ó pọ̀ fún mi, nítorí náà mo kó ẹrù náà lọ sílé. Mo bá àbúrò mi obìnrin lẹ́nu ọ̀nà, ó ń kun èékánná. Ó ti da ìgò ìkunná méjì pọ̀ torí pé méjèèjì ti ń tán lọ, ọ̀kan pupa, èkejì ní wúrà wínníwínní nínú. Ọ̀gá ti kọ́ wa nígbà tí a wà lẹ́nu iṣẹ́ pé páàtì, ìyẹn ẹ̀yà ara ẹ̀rọ, tó bá ń kúrò lọ́wọ́ ẹni, kí a kun àmì sí i, kí wọ́n má bàa pààrọ̀ rẹ̀. Mo gba burọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ àbúrò mi, mo fi kan ẹ̀gbẹ́ ráàmù kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹta, mo to àmì náà bí ààrò mẹ́ta.

"Ta lo fẹ́ fi mú?" ó bi mí.

Mo ní mi ò fẹ́ mú ẹnikẹ́ni, pé ó ti mọ́ mi lọ́wọ́ ni. Òótọ́ ni mo sì sọ. Ọ̀gá ò wá sí mi lọ́kàn rárá.

Lọ́jọ́ Ajé, ọ̀gá tò ó pọ̀, ó lẹ bébà rẹ̀ mọ́ ọn, mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀yin èèyàn mi, kọ̀ǹpútà náà ṣiṣẹ́! Mo ṣí ọgbọ̀n fọ́tò lẹ́ẹ̀kan náà, kò mira. Mo ń kọrin níbi tí mo jókòó sí. Kí ọdún tó parí mo ti ṣe ojú ewé mẹ́fà.

Ọyẹ́ wá mú, eruku bo gbogbo Oǹdó. Ọ̀gá pè mí lórí fóònù pé kí n gbé kọ̀ǹpútà wá, kí òun bá mi fẹ́ eruku inú rẹ̀ kúrò, lọ́fẹ̀ẹ́. Lọ́fẹ̀ẹ́! Mo dúpẹ́ títí, mo tún gbé iṣu méjì dání lọ fún un. Ọjọ́ méjì ló fi wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Nígbà tí mo lọ gbé e, bébà tuntun ti wà lẹ́nu rẹ̀, ìfọwọ́sí ọ̀gá hàn gbangba.

Láti ọjọ́ náà ni nǹkan ti yí padà. Tí mo bá ti kan ojú ewé tí fọ́tò àwọn akọrin wà, kọ̀ǹpútà á dúró gbagidi, màá pa á, màá tún un tàn, iṣẹ́ tí mo ti ṣe á ti lọ. Mo wo ibi tó ti ń sọ iye ráàmù tó wà nínú rẹ̀, mo rí i pé ìdajì ló kù. Mo sáré lọ bá ọ̀gá.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìdajì ráàmù ló ń sọ pé ó wà."

Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. "Ìdajì yòókù wà níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà fi pamọ́ fún àwòrán ni. Àbí ìwọ lo fẹ́ wá máa kọ́ mi ni?"

Ojú tì mí. Mo kúnlẹ̀, mo ní kó má bínú. Èmi ni mo tọrọ àforíjì o! Tí mo bá ti rántí ibẹ̀ yẹn, inú á tún bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi lákọ̀tun.

Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀. Màmá alága ń bi mí ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, mò ń sọ pé, "Ó kù díẹ̀, mà." Ojú ewé mẹ́sàn-án péré ni mo ní. Ẹ̀yin náà á ní kí ló dé tí mi ò tú kọ̀ǹpútà mi wò, nígbà tó jẹ́ tèmi, tí owó mi ni mo fi rà á. Bébà ni! Sísọ́ọ̀sì wà nílẹ̀, ọ̀bẹ wà, èékánná mi gan-an tó o. Lọ́jọ́ kan mo fi ìka kan etí bébà náà, mo tún gbé e kúrò. Mo sọ fún ìyá mi pé ó ń ṣe mí bíi kí n já a. Ìyá mi ní, "Ẹni tó gbé ọwọ́ lé ẹ lórí? Ṣé kí ayé lè sọ pé o ti gòkè tán, o wá tàpá sí àkàbà?" Mo fi í sílẹ̀.

Ọ̀gá ló wá ní kí n ra ráàmù kan sí i. "Mú owó wá, màá bá ẹ rà á bọ̀ láti Àkúrẹ́." Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ti ń dùn ún láti ìgbà ọyẹ́, ó ń tiro. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo rò ó pé kí ni mo fẹ́ máa dá àgbàlagbà láàmú sí, mo wá wọ mọ́tò fúnra mi lọ́jọ́bọ̀ láìsọ fún un. Nígbà tí mo dé Àkúrẹ́, ohun tí mo kọ́kọ́ rà ni òróró ìfira fún ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ṣọ́ọ̀bù tí a ti ra ẹrù àkọ́kọ́ kò ní ráàmù náà mọ́. Ọkùnrin tó ni ín ní kí n kọjá sọ́dọ̀ obìnrin kan ní òdìkejì, pé àlòkù nìkan ni uṣẹ́ tirẹ̀. Ará Àkúrẹ́ gidi ni, uṣẹ́ ni wọ́n ń pe iṣẹ́. Mo bá obìnrin náà níbi tó ti ń palẹ̀ mọ́, torí pé Ìgbàrà-Òkè ló ti ń wá lójoojúmọ́, kò sì fẹ́ kí mọ́tò ṣòro fún òun. Ó gbé agolo bisikíìtì kan lé mi lọ́wọ́, ó ní gbogbo ráàmù òun nìyẹn, kí n ṣà á fúnra mi. Mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ìkẹta tí mo mú jáde ní àmì pupa mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Mo ní ẹ wo ẹlòmíràn tó ń sàmì bíi tèmi. Mo wá gbé e jáde síta, sínú oòrùn. Wúrà wínníwínní tàn nínú pupa náà.

"Àǹtí, níbo lẹ ti rí èyí?"

"Ó dáa gan-an ni o, kò sí wàhálà lára rẹ̀. Bàbá kan ló mú un wá láti Oǹdó nígbà ọyẹ́."

"Bàbá wo?"

"Bàbá jẹ́ẹ́jẹ́ kan báyìí. Ó bọ́ awò ojú, ó ń fi etí aṣọ nù ún bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Ó ń tiro díẹ̀." Ó fi ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ṣàpèjúwe. "Ó tilẹ̀ gbàdúrà fún ọjà mi kó tó lọ. Mo bi í pé ṣé kì í ṣe ẹrù olè, ó ní rárá o, ti ọmọ òun ni. Ó ní ọmọ òun ti ra èyí tó dára jù."

Orí mi fò lọ. Ọmọ òun! Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Obìnrin náà bi mí pé ṣé ó rẹ̀ mí ni, mo ní rárá, èló ni. Mi ò ná an. Mo san owó ráàmù mi lẹ́ẹ̀kejì, ó fi bébà ìròyìn wé e fún mi, ó sáré lọ wá mọ́tò rẹ̀.

Mi ò mọ bí mọ́tò wa ṣe kọjá Ọ̀wẹ̀nà lójú ọ̀nà Oǹdó. Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló wà, mo ti ń gbọ́ ọ láti kékeré, mo sì ti ń sọ ọ́ fún àwọn ẹlòmíràn. Nínú mọ́tò yẹn ló tó yé mi. Kì í ṣe ti ráàmù ló dùn mí jù. Ọ̀gá mọ ọjọ́ tí wọ́n dá fún mi. Ó mọ̀ pé ìwé ìjọ wa ni, ìjọ tí òun náà jẹ́ àgbà nínú rẹ̀. Ó ń rí mi tí mò ń sáré wá sáré lọ, ó ń rẹ́rìn-ín. Tó bá jẹ́ ebi ló ń pa á, kí ló dé tí kò pè mí? Tó bá ní kí n yọ ọ́ fún òun, ṣé màá kọ̀ fún un ni? Àní màá yọ ọ́, màá tún dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin! Mo sunkún débi pé ìyá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ń kí mi kú àṣẹ̀yìndè, ó rò pé òkú ni mò ń lọ sin. Mo ní ẹ ṣé, mà.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni mo gbé kọ̀ǹpútà lọ sí ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá. Mo lè fi ráàmù yẹn sí i fúnra mi, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kó rí i. Mo kúnlẹ̀, mo kí i.

"Mo ti ra ráàmù náà, sà. Ẹ bá mi fi sí i."

Ó tú bébà ìròyìn náà. Ó sún un mọ́ ojú. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ọkùnrin yìí ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń sàmì sí páàtì, kò sí bí kò ṣe ní mọ ohun tó ń wò.

"Ibo lo ti rà á?"

"Arakale, sà."

Ojú mi wà lára rẹ̀. Mò ń dúró dè é. Ká ní ó ní "Ọmọ mi, má bínú," mo mọ ara mi, mo lè di mọ́ ọn níbẹ̀ kí n máa sunkún. Ká tilẹ̀ ní ó purọ́, ọ̀rọ̀ ì bá ti jáde. Ó fa dúrọ́ọ̀ sílẹ̀, ó mú òwú, ó rọ spírítì sí i, ó sì nu àmì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kúrò, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, jẹ́ẹ́jẹ́. Ó ní ìdọ̀tí ti pọ̀ jù lára àlòkù.

Ó já bébà rẹ̀, ó fi ráàmù sí i, ó lẹ bébà tuntun, ó fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn náà ló na ọwọ́ sí mi, bó ṣe máa ń ṣe láti ọjọ́ fíríídọ̀mù. Ẹ gbà mí, mo kúnlẹ̀! Ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, òórùn spírítì ṣì wà lára rẹ̀, ó ní Ọlọ́run á bá mi dá ohun tí mo ń lò sí, ọwọ́ ọ̀tá kò ní kàn án. Mo fi ẹ̀jẹ̀ sínú, mo tutọ́ funfun. Mo ní, "Àmín." Òróró ìfira náà wà nínú báàgì mi títí mo fi délé.

Nígbà tí mo délé, mo mú sísọ́ọ̀sì, mo gé bébà rẹ̀ sí méjì. Kò gbà mí ní àsìkò kankan. Mo tú ìdérí kéèsì kúrò, mi ò sì dá a padà mọ́. Mo bẹ àbúrò mi ní ìkunná, mo tún àmì náà kùn. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, fọ́tò àwọn akọrin ṣí, kò dúró. Mo ṣiṣẹ́ bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ogún ojú ewé pé ní Ọ̀sẹ̀ Mímọ́, màmá alága gbá a mọ́yà, ó jó yí tábìlì mi ká, iṣẹ́ di tèmi.

Ojú ewé àwọn àgbà ìjọ ni mò ń ṣe nígbà tí ọ̀gá wọlé lọ́jọ́ kan. Wọ́n ti sọ fún un pé fọ́tò rẹ̀ wà nínú ìwé náà, ó fẹ́ wò ó. Ó wò ó lójú mọ́nítọ̀, ó ń mi orí. Ojú rẹ̀ wá lọ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì. Kò sí ìdérí lára kéèsì. Ìdajì bébà rẹ̀ ṣì lẹ̀ mọ́ etí rẹ̀. Ráàmù méjì wà nínú, ààrò mẹ́ta pupa lára ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Ta ló já bébà mi?"

Mo dìde lórí àga, mo kúnlẹ̀ dáadáa kí n tó dá a lóhùn.

"Ọmọ yín ni, sà," mo ní. "Ó ti ra èyí tó dára jù."

Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń fi etí aṣọ nù ún. Ó nù ún pẹ́. Ó wá gbé fìlà rẹ̀ dé, ó tiro jáde, kò sì na ọwọ́ sí orí mi. Fọ́tò rẹ̀ ṣì wà lójú mọ́nítọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo tẹ orúkọ rẹ̀ sábẹ́ rẹ̀ bí ìgbìmọ̀ ṣe kọ ọ́ fún mi, mo ṣí ojú ewé tó kàn.